Gbígbé inú ọkọ̀-ilé ní Yúróòpù: omi, iná, gáàsì, ilé ìyàgbẹ́ àti ibi tí a lè sùn

ÌyáÌbejì_Leeds
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èmi àti bàbá àwọn ọmọ fẹ́ yá ọkọ̀-ilé, èyí tí wọ́n ń pè ní motorhome, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú oṣù kẹwàá. A ó gba Dover wọ Calais, a ó gba etí òkun ìwọ̀-oòrùn Faransé lọ sí àríwá Spéìn, ká tó padà. Ìbejì ọmọ ọdún mẹ́fà wà pẹ̀lú wa. Ìwé ìrìnnà Ìlú Ọba ni tèmi àti tàwọn ọmọ, ti Nàìjíríà ni ti bàbá wọn. Ọkọ̀ wíwà kò bà wá lẹ́rù. Bí wọ́n ṣe ń gbé inú rẹ̀ ni a ò mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là wá lọ́yẹ̀.

BàbáOnímọ́tò_Kent
Ẹ kú ìmúrasílẹ̀, Ìyá Ìbejì. Ìwọ̀n ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Púpọ̀ nínú ọkọ̀-ilé tí wọ́n ń yáni kò gbọdọ̀ ju 3,500 kìlò lọ pẹ̀lú èèyàn àti ẹrù, nítorí ibẹ̀ ni ìwé ìwakọ̀ onípele B mọ. Ẹni tó gba ìwé ìwakọ̀ ní Ìlú Ọba ṣáájú ọdún 1997 sábà máa ń ní C1, tó dé 7,500 kìlò, ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ ọkọ̀ yín di ńlá.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ká ní wọ́n kọ 3,050 kìlò sínú ìwé ọkọ̀. Awakọ̀ oníkìlò 75 ti wà nínú rẹ̀, 450 ló kù. Àgbà kejì 75, ọmọ méjì pẹ̀lú àga ọmọdé wọn 60, kẹ̀kẹ́ àti irin tó gbé wọn 70, tábìlì àti àga ìta 40, aṣọ àti ìbora 60, oúnjẹ àti ìkòkò 90. Ó di 395, ó ku 55. Lítà omi kan, kìlò kan ni. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kì í ka ju 20 lítà mọ́ ìwọ̀n tí wọ́n kọ, nítorí náà bí ẹ bá pọn táńkì 100 lítà kún dé ẹnu, 80 kìlò ni ẹ fi lé e, ẹ ti fi 25 kọjá ààlà. Ẹ fi 20 sí 30 lítà rìn, kí ẹ wá pọn ìyókù níbi tí ẹ bá fẹ́ sùn.

Ẹ gbé e lọ sórí òṣùwọ̀n ọkọ̀ kí ẹ tó dé Dover, kí wọ́n wọn táyà iwájú lọ́tọ̀, tẹ̀yìn lọ́tọ̀. Àpótí ńlá ẹ̀yìn ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀: ẹrù tó bá wà lẹ́yìn táyà ẹ̀yìn ń gbé iwájú sókè, ó sì ń tẹ ẹ̀yìn ju ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ. Ohun tó wúwo, bí àpò ìrẹsì, àárín táyà méjèèjì ni kí ẹ gbé e sí, nílẹ̀.

Àwọn ìbejì: orí àga tó kọjú síwájú tó ní bẹ́líìtì ejìká nìkan ni àga ọmọdé wọn gbọdọ̀ wà. Ìjókòó tó kọ ẹ̀gbẹ́ kò dára fún un. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì bí ọkọ̀ bá ń lọ.

Ẹ kọ gíga ọkọ̀ ní mítà sórí ìwé, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ síwájú awakọ̀. Ibi ìgbọ́kọ̀sí etí òkun ní Faransé kún fún irin àgbékọ́ tí kò ju mítà méjì lọ, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ yín á sún mọ́ mẹ́ta.

Ará_Peckham
Ti bàbá wọn: ìwé àṣẹ ìgbélùú Ìlú Ọba kò gbé ọmọ Nàìjíríà wọ Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó pa ẹnubodè wọn pọ̀, físà ni. Orílẹ̀-èdè tí ẹ máa pẹ́ sí jù ni ẹ ó bẹ̀. Bí ọjọ́ bá dọ́gba, èyí tí ẹ máa kọ́kọ́ wọ̀ ni. Owó rẹ̀ fún àgbà jẹ́ 90 yúrò láti oṣù kẹfà ọdún 2024, yàtọ̀ sí owó ilé-iṣẹ́ tó ń gba fọ́ọ̀mù. Ìbánigbófò ìrìn-àjò rẹ̀ gbọdọ̀ tó 30,000 yúrò. Oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn-àjò ni wọ́n ti ń gba fọ́ọ̀mù rẹ̀, ó sì gbọdọ̀ ku ọjọ́ 15, ó kéré tán, kí ẹ tó gbéra.

Ibi tí àwọn onílé-orí-táyà ti ń há ni ìbéèrè pé níbo ni ẹ máa sùn. “Inú ọkọ̀” kì í ṣe ìdáhùn tó ń tẹ́ òṣìṣẹ́ lọ́rùn. Ẹ gba àyè sílẹ̀ ní kámpìǹgì, ọgbà ìpàgọ́, tó gbà kí ẹ fagi lé e lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹ so ó mọ́ ìwé ìyálò ọkọ̀ àti tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi, kí ọjọ́ wọn bára mu.

Ẹ̀yin oníwèé Ìlú Ọba, ẹ ò gbọdọ̀ lò ju 90 ọjọ́ lọ níbẹ̀ nínú 180. Ìwé ìrìnnà yín kò gbọdọ̀ ti pé ọdún mẹ́wàá ní ọjọ́ tí ẹ wọlé, ó sì gbọdọ̀ ku oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ máa jáde. EES, ètò Yúróòpù tó ń ṣàkọsílẹ̀ ẹni tó wọlé àti ẹni tó jáde, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá ọdún 2025, ń gba ìka ọwọ́ àti fọ́tò. Ọmọ tí kò tó ọdún 12, fọ́tò nìkan. Ẹ tètè dé Dover.

Oníwáyà_Luton
Ọ̀rọ̀ iná. Wáyà onírọ́bà tó gùn tó mítà 25, tí okùn inú rẹ̀ jẹ́ 2.5 mm², pẹ̀lú púlọ́ọ̀gì búlúù onírin mẹ́ta ti 16 ámpìà, ni ó yẹ kó wà nínú ọkọ̀. Ẹ wò ó kí ẹ tó gbà á. Ara ọkọ̀ ni ẹ ó kọ́kọ́ kì í bọ̀, òpó iná kámpìǹgì gbẹ̀yìn. Bí ẹ bá ń kúrò, òpó iná ni ẹ ó kọ́kọ́ yọ, kí púlọ́ọ̀gì tí iná wà lẹ́nu rẹ̀ má baà wà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú koríko tútù. Kódà bí mítà márùn-ún péré ni ẹ nílò, ẹ tú gbogbo wáyà kúrò lára ohun tí wọ́n ká a mọ́. Ooru ò rí ibi jáde lára wáyà tó wà ní kíká, rọ́bà rẹ̀ á yọ́ mọ́ra.

Ámpìà ni wọ́n ń tà ní kámpìǹgì. Ẹ fi 230, ìyẹn fóltì iná ibẹ̀, sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ó mọ wáàtì tí ẹ ní: 6 ámpìà jẹ́ 1,380, 10 jẹ́ 2,300, 16 jẹ́ 3,680. Ká ní 6 ni ẹ rà. Fíríìjì á gba nǹkan bí 200, ẹ̀rọ tó ń rọ iná sí bátìrì 250, ẹ̀rọ omi gbígbóná 900. Ó di 1,350. Ọgbọ̀n wáàtì ló kù, kẹ́tùlù wo ló fẹ́ jẹ́ ìyẹn? Bí ẹ bá tan kẹ́tùlù ilé oní-2,200, òpó á já, àpótí òpó sì lè wà ní títì títí ọ́fíìsì á fi ṣí láàárọ̀. Ẹ fi omi tíì sórí gáàsì, tàbí kí ẹ ra kẹ́tùlù kékeré tí kò ju 1,000 lọ, kí ẹ sì pa omi gbígbóná kí ẹ tó tàn án.

Ní Faransé, ẹ mú ohun tó ń so púlọ́ọ̀gì búlúù mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì wọn, torí kámpìǹgì àtijọ́ ò ní èyí tó bá tiwa mu. Ẹ mú ẹ̀rọ ìdánwò oníná mẹ́ta kékeré náà, kí ẹ máa fi í sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì inú ọkọ̀ ní gbogbo ibi tuntun. Bí ó bá fi hàn pé kò sí wáyà ilẹ̀, ẹ kó kúrò nídìí òpó yẹn, kò sí àríyànjiyàn. Bí ó bá fi hàn pé wáyà méjèèjì gba ipò ara wọn, ìṣòro rẹ̀ ni pé ṣúíìṣì tó ń gé wáyà kan ṣoṣo á máa gé èyí tí kò léwu. Ẹ ti pa ohun èlò náà, síbẹ̀ iná ṣì wà nínú rẹ̀. Wáyà kúkúrú kan wà tí wọ́n ti yí inú rẹ̀ padà fún èyí. Ẹ fi téèpù pupa sàmì sí i, kó má baà dàrú mọ́ ti tòótọ́.

ÌyáÌbejì_Leeds
Ẹ ṣeun gan-an. Bí a bá sùn níbi tí kò sí òpó iná ńkọ́?

Oníwáyà_Luton
Bátìrì inú ilé ló kù. Ẹ béèrè irú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti òjé, 100 Ah (ámpìà-wákàtí), ìdajì ni kí ẹ lò. Lẹ́yìn tó bá ti sinmi díẹ̀ láìsí ohun tó ń fà á, 12.7 fóltì ni ó kún, 12.2 ti dé ìdajì. Ẹ má jẹ́ kó wálẹ̀ sí 12.0, ó ń bà á jẹ́ títí ayé. Iná LED àti pọ́ǹpù omi kò jẹ nǹkan. Fáànù ẹ̀rọ ìgbóná tó ń yí ní gbogbo òru àti fóònù mẹ́rin ló ń mu ún. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rọ tó ń sọ 12 fóltì di 230 tan ẹ̀rọ ìgbẹrun lára bátìrì yìí: 1,000 wáàtì á fa nǹkan bí 90 ámpìà. Oòrùn oṣù kẹwàá ní etí òkun Bay of Biscay ò ṣeé gbójú lé fún sólà. Ẹ sùn ní kámpìǹgì olóòpó iná lẹ́yìn alẹ́ kan tàbí méjì.

ÌyáGbáyì_Bristol
Àwọn ọkùnrin ti sọ ti iná, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí wọn kì í fẹ́ fọwọ́ kàn.

Àpótí ilé ìyàgbẹ́, kásẹ́ẹ̀tì, kì í sábà ju lítà 17 sí 20 lọ. Èèyàn mẹ́rin á kún un láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ láti lo ti kámpìǹgì ní ọ̀sán. Kí ẹ tó fà á jáde, ẹ rí i pé ẹnu rẹ̀ ti pa. Bí kò bá pa, kò ní jáde, ẹni tó bá fi tipá fà á ló máa ń ṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Níbi ìdànù, ẹ yí ẹnu gígùn rẹ̀ síta, ẹ ṣí ìdérí, kí àtàǹpàkò tẹ bọ́tìnnì afẹ́fẹ́ bí ẹ ṣe ń dà á. Ẹni tí kò bá tẹ̀ ẹ́, ó máa ń pọ́ jáde gbọ̀ngbọ̀n, á ta sí i ní bàtà. Ẹ fi omi ṣan án lẹ́ẹ̀mejì, ẹ pọn lítà méjì sínú rẹ̀, ẹ da oògùn rẹ̀ sí i bí ìgò ṣe sọ. Bébà tó ń tètè yọ́ nìkan ni kí ẹ lò. Ìnura tútù ọmọdé kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ láé. Ẹ má lo bílíìṣì, ẹ má sì fi fasilíìnì tàbí òróró ìdáná pa rọ́bà ẹnu rẹ̀: rọ́bà náà á bàjẹ́, á sì máa jò.

Ibi ìdànù ní àkọlé *vidange* ní Faransé. Páìpù omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó sábà máa ń ní rọ́bà kúkúrú lẹ́nu, ti ìṣankásẹ́ẹ̀tì ni. Ẹlòmíràn á ti ki ẹnu kásẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́. Ẹ má pọn ún mu, ẹ má pọn ún sí táńkì. Ti mímu ń jẹ́ *eau potable* ní Faransé, *agua potable* ní Spéìn; bí *non* tàbí *no* bá wà láàárín, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ ní rọ́bà tiyín tó ṣeé fi pọn omi mímu, mítà mẹ́wàá, àti ẹnu ìdè ti ½ àti ¾ íńṣì. Ẹ ní agbè ìbomirin lítà mẹ́wàá náà, nítorí páìpù mìíràn ò ní ìdè kankan. Ẹ nu ẹnu páìpù, ẹ jẹ́ kí omi ṣàn dànù díẹ̀ kí ẹ tó so rọ́bà. Àwọn ẹ̀rọ abúléko kan ń gba jẹ́tọ́ọ̀nù, irin bí owó wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń tà ní ilé búrẹ́dì tàbí ọ́fíìsì ìlú. Bí ẹ bá débẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ó ti parí.

Ẹ tún jọ̀ọ́, ẹ wo ojú ihò tí ẹ fẹ́ da nǹkan sí. Ìdérí omi àti ti dísù lè fara jọra. Dísù nínú táńkì omi, tàbí omi nínú ti dísù, ìrìn-àjò parí nìyẹn.

Ọ̀gáGáàsì_Essex
Sílíńdà tí ẹ bá gbé láti Ìlú Ọba, bíi Calor, kò sẹ́ni tó máa gbà á pààrọ̀ ní Faransé tàbí Spéìn. Nítorí náà ohun tí ẹ gbé ni ẹ ní. Ẹ jẹ́ ká wò ó bóyá ó tó. Ẹ̀rọ ìgbóná Truma Combi 6 ń jẹ 160 gíráàmù ní wákàtí kan bí ó bá rọra ń jó, 480 bí ó bá jó tán pátápátá. Wákàtí mẹ́jọ lóru ní jíjó pẹ̀lẹ́ jẹ́ 1.3 kìlò. Fíríìjì onígáàsì á jẹ nǹkan bí 0.35 láàárín wákàtí 24. Oúnjẹ sísè, ẹ fi 0.25 sí i. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di kìlò méjì lójúmọ́. Sílíńdà méjì oníkìlò mẹ́fà á gbé yín fún ọjọ́ mẹ́fà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ́. Ní ọjọ́ tí ẹ bá wà lórí òpó iná, kí fíríìjì àti ìgbóná wà lórí iná, kí gáàsì jẹ́ ti oúnjẹ nìkan.

Campingaz 907 oníkìlò 2.75 ló ṣeé pààrọ̀ káàkiri Yúróòpù, ṣùgbọ́n ó wọ́n, bútéènì ni, kì í sì í di afẹ́fẹ́ mọ́ bí òtútù bá dé òdo. Pròpéènì ni kí ẹ bèèrè. Bí ọkọ̀ bá ní sílíńdà tí a ń rọ gáàsì sí ní ilé epo, ẹ bèèrè ẹnu ìdè: Faransé àti Ítálì ń lo èyí tó dà bí àwo, Jámánì àti Bẹ́ljíọ̀mù ń lo ACME, Spéìn àti Pọtogí ń lo Euronozzle. Kò gbọdọ̀ kún ju ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

Nínú ọkọ̀ ojú omi àti inú ihò abẹ́ òkun, ẹ ti gáàsì láti ẹnu sílíńdà. Bí ẹ bá ń ra epo, ẹ pa fíríìjì onígáàsì, iná gidi ló ń jó lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ bá pààrọ̀ sílíńdà, ẹ fi omi ọṣẹ wò ó bóyá ó ń jò. Ìdè pròpéènì ti Ìlú Ọba, apá òsì ni wọ́n ń yí láti dè é. Ẹ rí i pé ẹ̀rọ tó ń kígbe fún èéfín májèlé carbon monoxide wà, ẹ sì tẹ bọ́tìnnì ìdánwò rẹ̀.

ỌmọÀrìnká
Ti ibi ìsùn ò le. Ibi ìsinmi ojú ọ̀nà ńlá wà káàkiri Faransé, ó ní ilé ìyàgbẹ́, ó ní iná, ọ̀fẹ́ ni. Kí ni ẹ tún ń wá?

BàbáOnímọ́tò_Kent
Àbúrò, rárá. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn olè ti ń dúró de ọkọ̀-ilé, nítorí wọ́n mọ̀ pé ó ti rẹ onítọ̀hún, wọ́n sì lè sá lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ duro jẹun, ẹ má sùn. Ẹ jáde kúrò lójú ọ̀nà ńlá, ẹ wọ abúlé. *Aire de camping-car*, ibi ìgbọ́kọ̀-ilé-sí tí ìjọba ìbílẹ̀ kọ́, yàtọ̀ sí *aire* ojú ọ̀nà ńlá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ jọra. Ẹ lo Park4Night, áàpù tó ń fi ibi ìsùn hàn, kí ẹ ka ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn sọ nínú oṣù tí ẹ wà, kì í ṣe ti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. France Passion náà dára: owó ọdún kan, ẹ ó sì máa sùn ní oko àgbẹ̀ àti ọgbà àjàrà fún wákàtí 24 lọ́fẹ̀ẹ́. Kò sí òpó iná dájú, ẹ sì gbọdọ̀ kí onílé kí ẹ tó gúnlẹ̀.

Oṣù kẹwàá ni ẹ ń lọ, ẹ fi sọ́kàn pé ọ̀pọ̀ kámpìǹgì etí òkun ti ń tì láti ìparí oṣù kẹsàn-án. Ẹ pè wọ́n kí ẹ tó lọ. Ẹ dé ibi ìsùn ṣáájú agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ibi ìgbọ́kọ̀-ilé-sí tó wà ní Berio ní Donostia (San Sebastián), àríwá Spéìn, máa ń tètè kún.

Ní Spéìn, ìgbọ́kọ̀sí yàtọ̀ sí pípàgọ́. Ẹ lè sùn nínú ọkọ̀ níbi tó bófin mu, ṣùgbọ́n bí ẹ bá na ìbòòrùn síta, tí ẹ gbé àga sílẹ̀, tàbí tí omi kán láti abẹ́ ọkọ̀, ẹ ti pàgọ́ nìyẹn, owó ìtanràn sì lè dé.

Ará_Peckham
Owó ojú ọ̀nà Faransé: ọkọ̀ tó ga ju mítà méjì tí kò tó mẹ́ta, tí kò sì ju 3,500 kìlò lọ, ìpele 2 ni. Àwo sátẹ́láìtì tàbí ẹ̀rọ amúlétutù lórí òrùlé lè tì yín dé mẹ́ta, ẹ bọ́ sí ìpele 3, owó sì fò sókè. Àmì UK lẹ́yìn ọkọ̀, GB kò tó mọ́ láti ọdún 2021. Ẹ̀wù tó ń tàn wà lẹ́bàá ìjókòó, kì í ṣe nínú àpótí ẹ̀yìn, àti onígun mẹ́ta pupa. Kẹ̀kẹ́ tó yọ sẹ́yìn nílò pátákó alálà 50 × 50 sẹ̀ǹtímítà ní Spéìn.

ÌyáGbáyì_Bristol
Oúnjẹ. Ẹran, wàrà àti ohunkóhun tí wọ́n fi wọ́n sè ò gbọdọ̀ ti Ìlú Ọba wọ Yúróòpù. Ọbẹ̀ ẹlẹ́ran tí ẹ dì sínú fírísà, pọ̀ǹmọ́, kílíṣí, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n lè gbà lọ́wọ́ yín ní Calais. Iṣu tútù àti ata rodo tútù náà nílò ìwé ẹ̀rí, ẹ fi wọ́n sílé. Gàrí, èlùbọ́, ẹ̀wà gbígbẹ, ẹja gbígbẹ tí kò tó 20 kìlò, àti ata tí ẹ dín láìsí ẹran, ẹ kó wọn dání. Ní ojú ọ̀nà yín, àdúgbò Saint-Michel ní Bordeaux àti òpópónà San Francisco ní Bilbao ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Áfíríkà. *Piment antillais* ni kí ẹ béèrè fún ata rodo ní Faransé, *ñame* fún iṣu ní Spéìn.

Ẹ rẹ ẹ̀wà mọ́jú, ẹ sè é nínú ìkòkò aláfẹ́fẹ́-títì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀wà nìkan á jẹ gáàsì Ọ̀gáGáàsì tán. Bí ẹ bá ń ro àmàlà, ẹ ṣí ihò òrùlé àti fèrèsé kan, torí ooru omi á di ìrì lára ògiri, bẹ́ẹ̀dì á sì tutù. Ata díndín, ìta ni, níbi tí wọ́n bá gbà á láyè.

Epo pupa! Ẹ fi bébà nu àwo kí ẹ tó fọ̀ ọ́. Epo pupa máa ń dì nínú òtútù, á lẹ̀ mọ́ páìpù àti táńkì omi ìdọ̀tí, òórùn rẹ̀ á sì gba ihò ilé ìwẹ̀ wọlé bí ẹ bá ń sáré. Ẹ dí ihò ilé ìwẹ̀ àti ti ibi ìfọwọ́ kí ẹ tó gbéra.

ÌyáÌbejì_Leeds
Ẹ ṣé, ẹ ṣé, ẹ ṣé. Ìbéèrè kan: onílé ọkọ̀ ní omi lè dà nù fúnra rẹ̀ lóru. Kí ló ń fà á?

Ọ̀gáGáàsì_Essex
Fáàbù kékeré ẹ̀gbẹ́ Truma ni. Bí ibi tó wà bá tutù dé nǹkan bí 3°C, á ṣí fúnra rẹ̀, á da omi tó wà nínú ẹ̀rọ sílẹ̀, kó má baà di yìnyín kó bẹ́. Bí pọ́ǹpù bá wà ní títàn, á máa fa omi táńkì tẹ̀ lé e, láàárọ̀ gbogbo rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Ẹ pa pọ́ǹpù kí ẹ tó sùn. Kò ní gbà kí ẹ tì í títí ibẹ̀ á fi gbóná kọjá 7°C, torí náà ẹ kọ́kọ́ tan ìgbóná fún bí ìdajì wákàtí, kí ẹ tó yí i padà kí ẹ sì tẹ bọ́tìnnì rẹ̀. Àwọn kan máa ń fi ohun tí a fi ń há aṣọ mọ́ okùn há a kó má baà ṣí. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀ ìyálò, ẹ̀rọ tó bá fi yìnyín bẹ́, ẹ̀yin ni wọ́n máa gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ yín.